Olú Tí Gbádé Gé Lẹ́sẹ̀

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ ní Ọ̀fà, tí oòrùn sì ràn tẹ̀ lé e, ẹ má wá Susannah wá sílé láàárọ̀ Sátidé. Ó ti wọ bàtà rọ́bà, ó ti gbé agbọ̀n àti àdá kékeré, ó ti gba ọ̀nà Ojoku lọ wá olú. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń ṣe ní Ilemona, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, olú ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn obìnrin ìjọ Áńgílíkà tó ń lọ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá wá a tì nígbà ìwàásù, kí wọ́n lọ wo ìdí ọ̀gán.

Kì í fa olú tu, kì í sì í gé e. Gbígbẹ́ ló ń gbẹ́ ẹ. Yóò fi ṣóńṣó àdá tú ilẹ̀ yí i ká, yóò máa tẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, títí yóò fi rí i pé ó gùn bíi gbòǹgbò, ó sì wọ inú ilé ikán lọ. Èyí tí kò bá wọ ilé ikán, ibẹ̀ ni yóò fi í sí. Àwọn kan máa ń sọ pé olú tí ìgbín bá ti jẹ, ènìyàn lè jẹ ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìgbín yàtọ̀ sí inú ènìyàn. Wọ́n tún ní olú funfun kì í pani. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé tí à ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ olú kọjá ọ̀rọ̀ ọ̀fun. Ìkàrẹ́ ni Gbádé, ọkọ Susannah, tó máa ń pè ní Bàbá Ìrètí, ti wá ṣiṣẹ́ ní Pólì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Adétóyè, tí wọ́n ń pè ní Dádì Ìbùkún, ló tọ́ ọ dàgbà, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílé ló sì fẹ́ kó fẹ́, kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà. Láti ìgbà ìgbéyàwó, bàbá náà kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé wọn. Susannah mọ̀ pé bí Dádì Ìbùkún kò bá gba òun, ilé ọkọ kò gba òun nìyẹn. Lónìí ni yóò kọ́kọ́ wá, bẹ́ẹ̀ ló sì fẹ́ràn olú bí ológbò ṣe fẹ́ràn ẹja.

Olú tí Susannah gbẹ́ dé kò pọ̀, ṣùgbọ́n yóò tó ìkòkò kan. Ó fọ̀ ọ́, ó ya á wẹ́wẹ́ sínú abọ́, ó lọ wẹ̀. Nígbà tó fi máa jáde, abọ́ ti kún dẹ́nu.

"Bàbá Ìrètí, kí lèyí?"

Gbádé ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo bá ọ sọ ọ́ di púpọ̀ ni. Wọ́n hù bẹẹrẹ sórí koríko ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì wa. Wọ́n tóbi, wọ́n funfun bí ẹ̀wù akọrin!"

"Ẹsẹ̀ wọn dà?"

"Mo gé e síbẹ̀. Àbí o fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n máa jẹ yanrìn ni?"

Ó ti ya ti tirẹ̀ náà wẹ́wẹ́, ó sì ti pò ó mọ́ ti ìyàwó rẹ̀. Ẹyọ kan péré ló kù lódindi lórí tábìlì. Susannah gbé e yẹ̀ wò. Òrùka kan wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tí olú ikán tí òun ń gbẹ́ kì í ní. Abẹ́ fìlà rẹ̀ sì fẹ́ máa ní àwọ̀ ewé.

"A máa dà á nù ni."

"Gbogbo ẹ̀? Àti tìẹ?"

"Ṣé ẹ lè ṣà wọ́n sọ́tọ̀?"

Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà ni fèrè mọ́tò dún níta. Kí wọ́n tó mọ̀, Dádì Ìbùkún ti yọjú sí ilé ìdáná.

"Háà! Olú! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ mà mọ̀ mí o!"

Susannah kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ má bínú, kò ní ṣeé jẹ. Èyí tí kò dáa ti wọ inú rẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, wọ́n ti ń jẹ olú ní Ìkàrẹ́ kí wọ́n tó bí ọ. Ju àlùbọ́sà sínú omi rẹ̀. Bí àlùbọ́sà ò bá ti dúdú, kò sí májèlé níbẹ̀."

Gbádé ń wo àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí. Susannah ro ó. Bí òun bá sè é, bàbá yóò yọ̀ mọ́ òun fún wákàtí mélòó kan. Bí òun kò bá sè é, wọn yóò gbọ́ ọ dé Àkókó pé ọmọ Ọ̀fà da oúnjẹ àlejò nù lójú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, àlùbọ́sà ò mọ májèlé. Sísè kì í sì í pa irú májèlé yìí."

"Irọ́ ni mò ń pa nìyẹn?"

"Ká má rí i, sà! Bàbá mi lẹ jẹ́. Ìdí tí mi ò fi lè gbé e fún yín nìyẹn."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń gbé abọ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú ṣáláńgá, àtèyí tó fi òógùn gbẹ́.

Ó din ẹyin, ó se iṣu. Dádì Ìbùkún jẹ díẹ̀, ó ní òun ti yó, ó lọ dùbúlẹ̀. Susannah wá da fìlà olú tó kù dé sórí bébà funfun, ó sì fi abọ́ bò ó.

"Kí lò ń ṣe?" ni Gbádé rọra béèrè.

"Mò ń wá ẹlẹ́rìí."

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó pe bàbá wá, ó sì ṣí abọ́. Ohun kan bí ẹ̀tù ti dà láti abẹ́ fìlà náà sórí bébà, ó ní àwọ̀ ewé.

"Ẹ wò ó, sà. Ti olú ikán kì í rí báyìí. Èyí á máa mú ènìyàn bì, á máa mú un ṣu, títí wọ́n á fi fa omi sí i lára."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Èyí tí ẹ̀tù rẹ̀ ò bá ti ní àwọ̀ ewé, ó dáa nìyẹn?"

"Rárá o, sà! Òmíràn wà tí tirẹ̀ funfun, tó sì ń pani. Èyí tí ẹ bá mọ̀ láti fìlà dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ. Tí ẹ bá ṣiyèméjì, ẹ fi í sílẹ̀."

Bàbá wo bébà, ó wo Susannah, ó wá kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Gbádé! Mo tọ́ ọ, mo rán ọ níwèé, olú lo wá fẹ́ fi san án fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní ká fi àlùbọ́sà sè é!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" Ẹ̀rín ti gba bàbá lẹ́nu. Lójijì, ẹ̀rín náà dúró. Ó fa fóònù yọ, ó pe ìyàwó rẹ̀ ní Ìkàrẹ́.

"Màmá Ìbùkún, olú tí o ní o rà lánàá ńkọ́? O ò tíì sè é? Má sè é! Ta ló gbẹ́ ẹ? O ò mọ̀? Dúró ná." Ó na fóònù sí Susannah. "Gbà, ìyàwó mi, bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀. Ìwọ ló yé."

Susannah gba fóònù, ó sì jókòó. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, wọ́n kọ orin àkọ́kọ́ tán, ó ṣì ń ṣàlàyé, Dádì Ìbùkún sì jókòó tì í, ó ń mi orí sí gbogbo rẹ̀.