Ìràwọ̀ Tí Ràhámátù Gbé Lọ sí Ṣàpọ́n

Ràhámátù Láwàlì ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé-ìwé girama kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un. Tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, á ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró ìyá rẹ̀ ní Ìtòkú, á máa wá ìràwọ̀. Kì í ṣe ojú ló fi ń wá a o. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ńlá tó ń gba ìró rédíò láti ojú ọ̀run máa ń kó ohun tí wọ́n bá gbà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé kí ẹni tó bá lè yẹ̀ ẹ́ wò máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ràhámátù lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ ọ.

Ibi tó tẹjú mọ́ ni ìdìpọ̀ ìràwọ̀ kan, ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ arúgbó tó ṣù mọ́ra wọn bí oyin. Irú ibẹ̀ ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pọ́lsà máa ń pọ̀ sí: òkú ìràwọ̀ tí kò fẹ̀ ju láti Ṣàpọ́n dé ẹ̀yìn Òṣíẹ̀lẹ̀ lọ, bí ogún kìlómítà, tó sì ń yí ju igba ìgbà lọ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bó bá ti ń yí ni ìró rédíò rẹ̀ á máa kan ayé lára. Mẹ́fà ni wọ́n ti rí nínú ìdìpọ̀ náà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kìíní, Ràhámátù rí ìkeje.

Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ìró náà á yá díẹ̀, á tún falẹ̀ díẹ̀, ní wákàtí méje-méje, nítorí pọ́lsà náà àti ìràwọ̀ mìíràn jọ ń yí ara wọn ká. Ariwo rédíò tó bá ti inú ayé wá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún.

Ohun tó kù ni kó kọ lẹ́tà sí àwọn onímọ̀ tó ń ṣọ́ ìdìpọ̀ náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kéde ló ni ín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni lẹ́tà náà ì bá gbà á. Kò kọ ọ́. Kí ló dé? Ọmọ aláró ni. Nílé wọn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé àdìrẹ tuntun lọ sọ́jà láìjẹ́ pé àgbà ti wò ó, tó sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Asiata, ìyá rẹ̀, sì rán an létí.

“Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́? Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Gbé e lọ fún Bàbá Ògúnníyì kí wọ́n wò ó ná.”

Bàbá Ògúnníyì ni tíṣà tó kọ́ Ràhámátù ní físíìsì. Òun ló wá bẹ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ mú un kúrò níléèwé. Ó ti fẹ̀yìn tì sílé rẹ̀ ní Ṣàpọ́n. Ràhámátù tẹ iṣẹ́ náà sójú ìwé mẹ́rìnlá, ó kó o sínú àpò ìwé, ó fi ìko tí wọ́n fi ń di àdìrẹ dì í ní kókó ilé wọn. Kókó yẹn kò ṣeé tú, abẹ ni wọ́n fi ń já a. Ó kúnlẹ̀, ó dorí kodò, ó gbé e fún bàbá.

“Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Mo máa wò ó.”

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń lọ kí i. Bàbá á wà lórí àga onítìmùtìmù rẹ̀, Ràhámátù á kúnlẹ̀ sórí ẹní iwájú rẹ̀, á wolẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ṣe ń ṣe. Ta ni yóò bi àgbà pé ibo lẹ bá iṣẹ́ dé? Bàbá fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé, “Mo ń wò ó o. Sùúrù ni.” Sùúrù ni baba ìwà lóòótọ́. Wọn kò sọ fún Ràhámátù pé ó tún lè jẹ́ baba òfò. Oṣù mẹ́jọ kọjá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹsàn-án, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì rí i. Àwọn kan lókè òkun ti kéde ìkeje. Iye ìgbà tó ń yí, kò yẹ̀. Wákàtí méje, kò yẹ̀. Orúkọ èèyàn mọ́kànlá wà níbẹ̀, tirẹ̀ kò sí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni pé wọ́n lè fi í kún un kó tó kà á tán. Inú bí i débi pé itọ́ ẹnu rẹ̀ korò. Ó wọ mọ́tò, ó di Ṣàpọ́n.

Kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

“Bàbá, nítorí iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe wá, sà.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Mo ti kà á tán, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. O ṣe bẹbẹ!” Bàbá fọwọ́ tá àpò ìwé náà kàn lábẹ́ tìmùtìmù, ó fà á yọ. Ràhámátù wo ìko rẹ̀. Ó wà bó ṣe dì í, abẹ kò kàn án.

Irọ́! Irọ́ gbuu, láti ẹnu tíṣà tó ń na àwọn ọmọ lẹ́gba nítorí irọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìnlélógún tó ti mọ̀ ọ́n, Ràhámátù gbójú sókè, ó wo Bàbá Ògúnníyì lójú kòrókòró.

Ojú méjèèjì funfun bí ẹ̀kọ. Orí ẹní tó máa ń kúnlẹ̀ sí ni bàbá na àpò ìwé náà sí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tí Ràhámátù dúró sí, ibẹ̀ náà ló ń rẹ́rìn-ín sí. Lẹ́yìn àga, ìyàwó Bàbá Ògúnníyì mi orí, ó fi ìka lé ètè pé kó má sọ nǹkan kan. Oṣù mẹ́jọ ni Ràhámátù fi kúnlẹ̀ níwájú ojú yẹn tí kò rí i, torí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í wo àgbà lójú. Kò tiẹ̀ mọ ẹni tí ì bá bínú sí mọ́.

“Fi ránṣẹ́ lónìí o,” ni bàbá wí. “Irú nǹkan báyìí, kì í dáa kéèyàn fi falẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú ẹ.”

Ràhámátù kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

“Mo gbọ́, sà. Ẹ ṣé, sà.”