Ọwọ́ Mi Lọ́rùn Aṣọ Fati

Lánàá ni mo gbọ́ tí aládùúgbò mi ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ọwọ́ ẹnikẹ́ni nílé-ìwé. Ìkìlọ̀ yìí gan-an ni mo ṣe fún Sikira, ọmọ mi, nígbà ìjọba ológun, tí bàbá rẹ̀ ń wa kùsà yùréníọ̀mù ní Arlit, ìlú kan nínú aṣálẹ̀. Òun ló fà á tí n kò fi lè gbàgbé Ọjọ́bọ̀ kan ní Wadata, àdúgbò tí à ń gbé lẹ́yìn odi nígbà náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ránṣẹ́ pè mí lọ́jà pé Sikira dákú nílé-ìwé. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, Fati ń fi omi nù ún lójú. Fati ni olórí àwọn ìyá àdúgbò tó ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbá a lọ́rùn aṣọ mú.

“Kí lo fún ọmọ mi jẹ?”

Ó fi Hausa dá mi lóhùn: “Ìyá Sikira, ọmọ rẹ kò fẹnu kan oúnjẹ wa rí. Ẹlòmíràn ló máa ń gbé tirẹ̀ fún.”

Sikira la ojú díẹ̀. “Màámi, n ò jẹ ẹ́ o. Bí ẹ ṣe wí ni mo ṣe.”

Ẹ̀kọ àárọ̀ nìkan ló ti ń gbé e dé ìrọ̀lẹ́. Gbogbo àwọn ìyá ń wò mí, ọwọ́ mi sì wà lọ́rùn aṣọ Fati síbẹ̀.

“Tú mi sílẹ̀,” ló wí, “kí n lè bu oúnjẹ fún un.”

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ síbi ìdáná, kí ẹ tọ́ oúnjẹ náà wò fúnra yín.