Fún Àlàbí, Tó Yọ Àga Inú Ọkọ̀ Tó sì Tún Dá A Padà

"Kò tíì sí irú rẹ̀ rí ní gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀, kò sì níí sí irú rẹ̀ mọ́ títí ayé: akọni awakọ̀ eré-ìje, ẹni tí àwọn òyìnbó la òkun kọjá wá kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

Báyìí ni Bàbá Onílé wa, alága ìgbìmọ̀ ìsìnkú, ṣe kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìrántí yìí, lábẹ́ àwòrán ara wọn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo tiẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, bóyá mo lè rí àwọn òyìnbó náà.

Háà, Àlàbí! Ikú ti ṣe tirẹ̀, ó ti lọ. Àlàbí Ògúndélé, ọmọ Ìyá Ìṣẹ́yìn, ọkọ Àbẹ̀kẹ́, àgbà mẹkáníìkì ní ọgbà àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù ní Creek Road, èmi tí mo fi ọdún gbọọrọ jù ọ́ lọ ni wọ́n ní kí n wá dágbére fún ọ. Ayé dorí kodò. Ìwọ ló yẹ kí o máa ṣe èyí fún mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní èmi ni tíṣà, èmi ni mo mọ̀wé kọ, àfi bí ẹni pé ìwé kíkọ ń jí òkú.

Má bínú bí n kò bá purọ́ mọ́ ọ. Òyìnbó kan ṣoṣo ni mo rí tó dúró ti ọkọ̀ rẹ rí. Ó ṣìnà ni. Ilé ọtí ló ń béèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ bó ṣe jẹ́, ẹ gbọ́ lẹ́nu mi. Nígbà tí ogun abẹ́lé fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Warehouse Road palẹ̀ mọ́ lọ sílé, ó sì pa ọkọ̀ kékeré kan tì sínú ọgbà: ọkọ̀ aláìlórùlé, oníjòókòó méjì, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wọn fi ń gba atẹ́gùn. Iyọ̀ òkun ti jẹ abẹ́ rẹ̀, eku ti bímọ sínú ẹ́ńjìnnì. Àlàbí rà á ní ọ̀pọ̀, ó fi okùn wọ́ ọ wá sí Ajégúnlẹ̀, ó sì kéde lójúde pé òun máa sọ ọ́ di ọkọ̀ eré-ìje. Láyé ìgbà náà, àwọn kan, dúdú àti funfun, tí eré náà kàn wù láìjẹ́ pé wọ́n fi ṣiṣẹ́ jẹun, máa ń bá ara wọn díje lọ́jọ́ Àìkú lórí pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ kan lẹ́yìn ìlú.

"Tíṣà, kì í ṣe olówó nìkan ló lè sáré," lo wí fún mi. "Ọkọ̀ tiwọn wúwo. Ẹ ṣáà máa wò mí."

Bẹ́ẹ̀ lo bẹ̀rẹ̀ sí tú u. Òfin kan lo ní: ohun tí kò bá ti ọkọ̀ síwájú, ẹrù ni. Ẹ̀rọ tó ń mú ẹsẹ̀ awakọ̀ gbóná lo kọ́kọ́ yọ. Gbogbo àdúgbò wá wò ó. Ìyá rẹ béèrè pé ilẹ̀ wo ni ènìyàn ti ń dáná sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n sì gbàdúrà fún àwọn ará ibẹ̀. Báńpà lọ, gíláàsì iwájú lọ, ilẹ̀kùn di awẹ́ páànù. O gé sípíríǹgì kúrú kí ọkọ̀ lè fara mọ́lẹ̀ níbi kọ́nà. Wẹ́dà kan ní Ìjọra tẹ páìpù omi fún ọ, ó fi ṣe irin tó dábùú ẹ̀yìn ìjókòó, kí orí rẹ má baà fọ́ bí ọkọ̀ bá dojú dé. Okùn tápólì, èyí tí wọ́n fi ń de ẹrù, ni Àbẹ̀kẹ́ rán ṣe ìgbànú tí yóò dè ọ́ mọ́ àga. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ lo wá yọ àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ibẹ̀ nìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ló ń dá ọkọ̀ ní ní Ajégúnlẹ̀? Ẹni tó bá rà á, àdúgbò ló bá rà á. Yóò gbé ìyàwó tuntun, yóò gbé aboyún, yóò gbé àpò gàrí, yóò gbé òkú lọ sílé. Ọkọ̀ tó ń gbé olówó rẹ̀ nìkan, a kò rí irú ẹ̀ rí. Àwọn ọmọ àdúgbò tó sọ ọ́ ní Brọ̀dá Résìn ń sá tẹ̀ lé ọ, wọ́n ń pariwo, "Brọ̀dá Résìn, kári mi gó!" Nígbà tí wọ́n rí i pé kò síbi ìjókòó, wọ́n hó lé ọ lórí. Bàbá Onílé jáde sí ìta, wọ́n tún aṣọ wọn ró, wọ́n wí pé:

"Àlàbí, ọkọ̀ tí kò lè gbé ìyá ẹni kì í ṣe ọkọ̀. Pósí ni. Pósí ló ń gbé ẹnì kan."

Àwọn náà ló kọ ojú ewé àkọ́kọ́. Inú mi dùn pé wọ́n ti yí ọkàn padà, bó tilẹ̀ pẹ́ díẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ béèrè pé, "Níbo wá ni kí n jókòó sí?"

"Àbẹ̀kẹ́, ìwúwo ni ẹ́."

"Ìwúwo yìí náà ló ń se ọbẹ̀ tí ò ń jẹ. Lọ bá ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ rẹ, kó se ilá fún ọ."

Ìyá nìkan ni kò bá ọ jà. "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Kí n tó bí i ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ mi rìn." Ìwọ náà sì jó irin pa ojú ihò tí wọ́n fi ń de àga náà mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi àga lọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú tí o fẹ́ lọ díje fún ìgbà àkọ́kọ́ pé. Àbẹ̀kẹ́ ti gbàgbé ìjà, ó ti rán aṣọ funfun tí ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀ so pọ̀ fún ọ, ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. O ta ọkọ̀ jí, ó bú ramúramù, adìẹ àdúgbò fọ́n ká. O rẹ́rìn-ín. Mi ò rí irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ ṣáájú ọjọ́ náà, mi ò sì rí i mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìwọ ti ń rẹ́rìn-ín ni Ìyá jókòó lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di àyà mú, òógùn bò wọ́n.

Àwọn ọkọ̀ ẹrù wà lábẹ́ àgádágodo ní Creek Road. Òjò ti sọ ọ̀nà wa di odò, takisí kankan kò ní wọlé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ lójúlé wa. O sáré gbé àga ọjọ́sí wá, o gbé e kalẹ̀, kò síbi tí yóò dì mú. O jù ú sígbó. A wá gbé Ìyá sórí àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, o bọ́ ìgbànú ara rẹ, o fi dè wọ́n mọ́ irin ẹ̀yìn.

Ọkọ̀ tí o kọ́ fún eré kò lè sáré. Sípíríǹgì tí o gé kò gba nǹkan kan mọ́ra, gbogbo kòtò láti Ajégúnlẹ̀ dé Àpápá ló ń gbá Ìyá láyà. Bí o bá tẹná, wọ́n á kígbe. Bí o bá rọra, àkókò ń lọ. Èmi tíṣà arúgbó, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, èmi àti ọkọ̀ eré-ìje jọ dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ìyá kò pẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi kú. O dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kánjú rò pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni ọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé màmá yìí." O bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o sì gbé wọn.

Dókítà sọ pé àyà náà ti bàjẹ́ tipẹ́, pé ọkọ̀ tó tura jù lọ láyé kò lè yí i padà. Mo sọ ọ́ fún ọ. Mo sọ ọ́ títí ó fi sú mi. O máa ń mi orí bí ọmọ ilé ìwé tó ti pinnu pé òun kò níí gbọ́.

Láti ìgbà náà lo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó jẹ ayé rẹ tán: o fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ padà. Àga lo kọ́kọ́ dè, o dè é bí ẹni ń de ẹran oníwàyó. Lẹ́yìn náà sípíríǹgì, ilẹ̀kùn, gíláàsì. Bí o ti ń dá ọ̀kan padà ni ibòmíràn ń dógùn-ún, tó ń já bọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó jọ ọkọ̀, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè kúrò lápá òsì, kí a máa wakọ̀ lápá ọ̀tún. Sítíárìn rẹ wá wà ní ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ. Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín, kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ tú u palẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ náà kò tún ṣiṣẹ́ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Àbẹ̀kẹ́ á lọ jókòó sórí àga náà, á máa ṣa ẹ̀wà, ìwọ á wà lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí ibà mú ọ, a pè é ní ibà lásán. Kí a tó mọ̀ pé kì í ṣe lásán, o ti lọ.

Àlùfáà wa wàásù lánàá pé ọ̀nà wúrà lo ti ń sáré báyìí. Ohùn wọn dùn, ilé ìjọsìn ṣe àmín. Mo fẹ́ gbà á gbọ́, Àlàbí. Kò wọ̀ mí lára. Ohun tí mo rí ni Àbẹ̀kẹ́ tó jókòó láìṣa ẹ̀wà, àti àwọn ọmọ rẹ tí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ ṣe.

Sùn re o, ọ̀rẹ́ mi, àbúrò mi. Bá wa kí Ìyá. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè bi ọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, torí mo mọ ibi tó máa kàn ọ́. Ilẹ̀ ti bò ọ́ báyìí, mo lè bi ọ́. Ká ní o dé pápá eré-ìje yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣé wàá borí?