Sikéèlì Kì í Ka Èènì

Mo rántí òórùn sìgá tó máa ń wà lára gbogbo aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi bá rán. Aránṣọ ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé ní Àkúrẹ́ nígbà náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà sí Ọjà Ọba. Bó bá ń lọ aṣọ, sìgá wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ń wọn èjìká oníbàárà, sìgá wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, máa ń mí bíi fèrè tó bá sùn, dókítà sì ti sọ pé èéfín inú ilé ló ń dà á láàmú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ó pọn ọmọ, ó di ẹrù, ó gba ilé àwọn òbí rẹ̀ lọ ní Ìgbàrà-Òkè. Kò pariwo. Ohun tó sọ kò ju pé, "Bàbá ọmọ mi, tí oṣù tó ń bọ̀ bá parí, màá wá wo ilé yìí. Bí mo bá gbóòórùn sìgá, n ò ní sọ ẹrù kalẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi jẹ orógbó, ó jẹ súwíìtì, ó kán sìgá sí méjì, ó tún fi ìdajì kejì pamọ́ sábẹ́ máṣíìnì. Oníbàárà kan fún un ní fépù, ìyẹn sìgá oníbátìrì tí kì í jóná, omi inú rẹ̀ ló ń di ooru téèyàn ń fà. Ṣùgbọ́n àwọn omi tí wọ́n ń tà nígboro dùn bí ṣúgà. "Ṣé sìgá ni wọ́n ní n pa tì," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "àbí kéèkì ọjọ́ ìbí ni wọ́n ní n máa fà?" Míntì tó ń tutù lẹ́nu ló fẹ́, kó má dùn, kó sì le tó láti tẹ́ ọkàn rẹ̀ lọ́rùn.

Bí èmi tí n kò fa sìgá rí ṣe sọ ara mi di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú pípo omi fépù nìyẹn. Mo wo fídíò lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí. Mo ra gilísárììnì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èlò ìpara, irú èyí tó ṣeé jẹ, kì í ṣe ti ara. Mo ní kí wọ́n bá mi fi èròjà míntì àti níkótíìnì, ohun inú tábà tó ń sọ sìgá di bárakú, ránṣẹ́ láti Èkó. Sìríńjì ni mo kọ́kọ́ fi ń wọ̀n wọ́n, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yà mí ní wèrè. Gilísárììnì ki bí oyin. Ìdajì rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ inú sìríńjì, ìwọ̀n kan kò sì jọ èkejì. Ìgbà náà ni mo rí i pé sikéèlì làwọn tó mọṣẹ́ ń lò. Mo ra kékeré kan tó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù, ayé mi sì yí padà. Mo mọ̀ pé ìgò tó ń gba omi ọgọ́rùn-ún gíráàmù, bó bá jẹ́ gilísárììnì lo dà kún un, gíráàmù mẹ́rìndínláàádóje ni yóò wọ̀n! Mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù, títí kan ìyá arúgbó tó wá gba ìró rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí: gbé ìgò òfìfo lé sikéèlì, tẹ bọ́tìnnì kó padà sí òdo, da ohun àkọ́kọ́ sí i títí nọ́ńbà rẹ̀ yóò fi pé, tún tẹ òdo, da ìkejì. Mo wọ ìbọ̀wọ́ nítorí níkótíìnì, torí májèlé ni bó bá kan ara. Mo pa fáànù, nítorí atẹ́gùn rẹ̀ lásán máa ń mú kí nọ́ńbà jó. Gíráàmù mẹ́ta níkótíìnì, ó pé. Mo gbọn ìgò náà bí ẹni ń gbọn oògùn ikọ́, mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó húkọ́ títí ó fi di máṣíìnì mú. "Òyì ń kọ́ mi o," ló wí. "Àbúrò, ṣé o fẹ́ pa mí kí o lè jogún máṣíìnì ni?" Nígbà tí òyì náà dá, ó na ọwọ́ sábẹ́ máṣíìnì, ó sì ṣáná sí ìdajì sìgá tó ṣẹ́ kù.

Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo po òmíràn, bákan náà ló rí. Mo bú sikéèlì, mo fi irin gíráàmù ọgọ́rùn-ún tó bá a wá dán an wò, kò purọ́. Mo bú tábìlì, mo fi páálí tì í lẹ́sẹ̀. Mo bú máṣíìnì ìránṣọ pé ó ń mi ilẹ̀. Oṣù ń lọ sópin, sìgá sì ti padà sẹ́yìn etí ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ló lè fẹ̀sọ̀ mú nǹkan nígbà tí ọmọ kékeré ń mí bíi fèrè ní Ìgbàrà-Òkè?

Mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó, níbi tí ìyá wa ti ń ta gàrí. Mo rò ó fún un. Ó ní, "Èéfín lẹ tún fẹ́ fi lé èéfín? Kò burú. Jókòó kí n dá oníbàárà yìí lóhùn."

Ó bu kóńgò kan, ó fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ kó tẹ́ dáadáa, ó dà á sínú ọ̀rá. Ó bu ìkejì, ó gbá a, ó dà á. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, ó ti ń wo ẹni tó kàn, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e.

Mo dìde. "Màámi, kóńgò mélòó lẹ wọ̀n fún obìnrin yẹn?"

"Méjì."

"Ẹ̀kúnwọ́ tó gbẹ̀yìn ńkọ́?"

"Èènì nìyẹn! Ta ní í ka èènì?"

Ẹ̀yìn gàrí yẹn ni wọ́n tọ́ mi sí. Mo wo ọwọ́ mi bí ẹni wo ọwọ́ olè. Èmi náà, bí nọ́ńbà bá ti pé mẹ́ta, ojú mi á lọ sọ́dọ̀ ìgò tó kàn, ìka mi á sì tún tẹ ike níkótíìnì náà, tó, tó, tó. Lẹ́yìn èyí ni màá tẹ òdo, òdo náà á sì gbé èènì mi mì bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Mẹ́ta ni mò ń kà, ó ti lé ní mẹ́rin. Àṣejù tí mo fi ìfẹ́ ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi ló ń mú kí òyì kọ́ ọ.

N kò dúró jẹun. "Ẹ̀fọn ló jẹ ọ́ ni?" ni ìyá wa ń pariwo lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo dé Àkúrẹ́, mo fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú bí ẹni mú ọmọ aláìgbọràn. Nọ́ńbà pé mẹ́ta, mo dé ike náà kí n tó wo ibòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi fà á, kò húkọ́. Ó tún fà á. Ó wá ń bá aṣọ tó ń rán lọ. Nígbà tó yá, ó ní kí n bá òun mú bọ́bìnnì òwú wá.

A fọ kọ́tìnnì, a fọ ìrọ̀rí, a sá bẹ́ẹ̀dì sóòrùn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Ó fa kọ́tìnnì mọ́ imú. Ó gbé ìrọ̀rí, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fa apá ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, ó gbóòórùn ìyẹn náà, èyí sì pẹ́ jù lọ. Ó tọ́ka sí fépù tó yọrí lápò ẹ̀wù náà, ó ní, "Fépù yẹn, ẹ̀yìnkùlé ni kó o ti máa fà á." Ó wá sọ ẹrù kalẹ̀.

Lónìí, ẹ̀gbọ́n mi kò fa sìgá tàbí fépù mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mo yọ níkótíìnì inú ìgò rẹ̀ kúrò, òun fúnra rẹ̀ á jókòó tì mí, á máa wo nọ́ńbà bó ṣe ń kéré sí i, títí ó fi di òdo tí kì í ṣe ti bọ́tìnnì. Ara tèmi ni kò tíì balẹ̀. Bí mo bá rí sikéèlì lórí igbá ẹlẹ́ran, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀.

Ìyá wa kò sì gbàgbé. Bí mo bá ń bọ̀ láti Oǹdó, á di gàrí fún mi, á wá di ẹ̀kúnwọ́ kan lọ́tọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, á ní, "Gba èènì rẹ, lọ fi sikéèlì kà á." N kò wọ̀n ọ́n rí. Nígbà tí mo ti ibẹ̀ dé kẹ́yìn, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń lọ sílé ìwé báyìí, la jọ da omi sí i. Ó mu tirẹ̀, ó sì sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àga. Mo tẹ́ etí sílẹ̀ títí. N kò gbọ́ fèrè kankan.