Ojú Ewé Kẹrin Tí Mo Kọ̀ Láti Fọwọ́ Sí

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ gbà mí. Ta ló rí irú èyí rí? Wọ́n ní àwọn fẹ́ mú ọmọ mi lọ sí etí òkun kó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja, mo ní ó dára, mo dúpẹ́, mo ra gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n rà. Ìgbà tí mo wá ka fọ́ọ̀mù dé ojú ewé kẹrin, mo rí i pé wọ́n fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí omi bá gbé ọmọ mi, tàbí tó farapa, tàbí tó kú, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n tún ní kí n kọ orúkọ àti nọ́ḿbà ẹni tí wọ́n máa pè tó bá ṣẹlẹ̀. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ náà nìyẹn.

Kí n tó máa bá ìbínú mi lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ òkun ṣe wọ ilé wa, nítorí Ìdànrè ni à ń gbé, àpáta ló yí wa ká, odò Owena sì ni omi tó tóbi jù tí ọmọ mi fojú rí rí. Ẹja inú yìnyín ni mò ń tà ní Odode, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní òkú Èkó. Ọmọ mi obìnrin yìí ti pé ọdún mẹ́tàlá báyìí, ṣùgbọ́n kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ tó ti ń jókòó tì mí tí mo bá ń fọ́ páálí ẹja. Àwọn ọmọ ẹlòmíì á ní òórùn rẹ̀ ń yọ àwọn lẹ́nu. Tèmi á máa ṣí ibi tí ẹja fi ń mí, á máa fi ojú pánlá wé ojú ṣáwá, á bi mí pé kí ló dé tí ojú pánlá fi tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣé ibi tó ń gbé ṣókùnkùn ni? Ta ló bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí? Èmi tí mo ti ń ta ẹja láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, iye tí kílò kan ń lọ nìkan ni mo mọ̀.

Tíṣà obìnrin tó ń kọ́ wọn ní báyọ́lọ́jì gbọ́ sí i. Ó ní kí ọmọ náà kọ gbogbo ohun tó ti rí lára ẹja sínú ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn kan tó máa ń kó ọmọ jọ sí kám̀pù ọlidé l'Ékòó, létí òkun, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nígbà tí èsì dé pé wọ́n mú un, pé òun nìkan ni wọ́n mú ní ìlú wa, mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo fún oníbàárà tó wà níwájú mi ní ṣáwá mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

A bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Wọ́n ní bàtà tó ṣeé wọ wọnú omi, mo wá a dé Àkúrẹ́. Wọ́n ní aṣọ tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́. Mo ní Mùsùlùmí ni wá o, mo gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ó rán èyí tó bò ó láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀, ọmọ náà sì wọ̀ ọ́ sùn lálẹ́ ọjọ́ tó dé. Wọ́n ní kó mú ìpara tí oòrùn kò fi ní jó o lára. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ tó máa ń bá bàbá rẹ̀ àgbà sá kòkó nínú oòrùn ọ̀sán gangan! Síbẹ̀, mo rà á. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ ni mo ṣe, àfi ti ojú ewé kẹrin yẹn.

N kì í ṣe púrúǹtù. Mo parí ilé ìwé girama, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ohun tí a kò fẹ́, a kì í fẹnu pè é, ká má wá sọ pé ká fọwọ́ kọ ọ́. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì ní "bí mo bá kú," àgbà á ti bú mọ́ ọn: "Kò ní ṣẹlẹ̀! Tutọ́ ẹ dànù!" Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èwo wá ni ti pé kí ìyá ọmọ jókòó, kó mú bíírò, kó fọwọ́ sí ikú ọmọ rẹ̀ kí ọmọ tó kúrò nílé? Wọ́n tún ní kí n kọ déètì sí i!

Mo mú bíírò pupa, mo fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú yẹn, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Kò ní ṣẹlẹ̀, láṣẹ Ọlọ́run." Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi kọ tèmi, kó lè yé wọn pé mi ò ṣeré. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ẹni tí wọ́n máa pè, mo kọ "Allah". Wọ́n tún béèrè pé ṣé ọmọ náà lè lúwẹ̀ẹ́. Kò lè lúwẹ̀ẹ́, níbo ló ti fẹ́ kọ́ ọ, lórí àpáta? Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbà kí n kọ "rárá" sí iwájú orúkọ ọmọ mi nínú ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ omi. Mo kọ "bẹ́ẹ̀ ni, ìnṣá Allah". Àdúrà ni mo fi ṣe. Mo fi ìwé náà lé ọmọ mi lọ́wọ́, ó fi fóònù mi yà á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí tíṣà rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, tíṣà náà gun ọkadà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ẹ kú ọjà, mà."

"Ẹ káàbọ̀, tíṣà wa. Ṣé kò sí wàhálà o?"

"Wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà, mà. Wọ́n ní tí àwọn ò bá rí ọwọ́ òbí títí aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, àwọn á fún ọmọ míì láyè."

"Ṣé wọn ò rí ohun tí mo kọ ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó wo ojú mi, ó gbé e mì. "Wọ́n rí i, mà. Ẹ má bínú. Gbogbo òbí ló ń fọwọ́ sí i. Èmi náà ti fọwọ́ sí irú ẹ̀ fún ọmọ tèmi."

"Ẹ̀yin fúnra yín? Pé bí ọmọ yín bá..." N kò lè sọ ọ́ tán. "Súbúhánálláhì! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Àmín, mà. Ẹ tún bá mi wo ti ìlúwẹ̀ẹ́ yìí. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, etí omi níbi tí kò jìn ni wọ́n ti máa ń kọ́ wọn, wọ́n á sì wọ ẹ̀wù tó ń léfòó fún wọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń mú lọ síbi tó jìn."

Àdúrà tí mo fi tọkàntọkàn ṣe ni ì bá gbé ọmọ mi lọ síbi tó jìn! Ṣé mo wá bẹ̀ ẹ́? Rárá o. Mo jágbe mọ́ ọn pé kí ló dé tí wọn ò kọ ìyẹn sínú fọ́ọ̀mù, dípò kí wọ́n máa to ikú lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó ń to ẹja sórí àtẹ. Obìnrin náà ní kí n má bínú, ó ra kótè kílò kan, ó gun ọkadà rẹ̀ lọ.

Mo pe kám̀pù náà fúnra mi. Ọmọge kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dán. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ìwé lásán ni, kò túmọ̀ sí nǹkankan. Mo ní tó bá jẹ́ ìwé lásán ni, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ó ní àwọn ò lè yọ ọ́. Mo ní kí ló dé? Ó ní nítorí pé ó ṣe pàtàkì. Ẹ dákun, ẹ bá mi gbọ́ ọ! Ìṣẹ́jú kan ṣáájú, kò túmọ̀ sí nǹkankan. Mo pa fóònù kí n má baà ṣépè, nítorí ààwẹ̀ nọ́fílà ni mo gbà lọ́jọ́ náà.

Mo wá ní kí bàbá ọmọ mi fọwọ́ sí i. Ọkọ mi ń wa takisí láti Ìdànrè sí Àkúrẹ́. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti dán bí orí apárí, èèyàn mẹ́fà ló ń kó síbi tó yẹ kí mẹ́rin jókòó sí, ojoojúmọ́ ló sì ń gba kọ́nà eléwu ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ yẹn lọ tó ń gbà á bọ̀. Kò bẹ̀rù. Mo wá na bíírò sí i, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ìwọ lo gba fọ́ọ̀mù, ìwọ lo mọ̀wé."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i ni?"

"Èmi ni mo bí i. Ìdí ẹ̀ gan-an tí mi ò fi ní fọwọ́ sí i nìyẹn."

Ìyá rẹ̀ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbe ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹnu Ìdànrè gidi ni màmá ń sọ, èyí tí èmi tí wọ́n gbé níyàwó láti Ìwó kò tíì gbọ́ tán títí dòní, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn yé mi yékéyéké: kí ọmọ jókòó sílé, ẹja wà nínú fíríìsà ìyá rẹ̀, kó máa wò ó níbẹ̀. Mo bínú sí ìyá, mo bínú sí ọmọ. Kò sì sí ẹni tó sọ ohun tó yàtọ̀ sí tèmi nínú wọn. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ọmọ mi bó ṣe ń lọ sílé ìwé. Àwọn ọmọ mẹ́ta ló wà lórí ọkadà kan, tèmi ló gbẹ̀yìn, kò sí akoto lórí ẹnikẹ́ni. Mo juwọ́ sí i bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ọkadà náà ń sá bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, inú kàn ṣàdédé bí mi sí ara mi. Ta ló gbé fọ́ọ̀mù ọkadà wá fún mi rí?

Síbẹ̀, mi ò fọwọ́ sí i. Oríkunkun pọ̀ lọ́wọ́ mi, ìyá mi náà máa ń sọ ọ́. Nígbà tí ọmọ mi dé ṣọ́ọ̀bù láti ilé ìwé, aago mẹ́ta ti lù, mo ti pinnu.

"Ìwọ náà gbọ́," ni mo wí fún un. "O ò lọ mọ́. Wọ́n á tún ṣe òmíì lọ́dún tó ń bọ̀, èyí tí kò ní fọ́ọ̀mù rádaràda nínú."

Kò sunkún. Ó bọ́ báàgì rẹ̀, ó mú àdá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi fọ́ yìnyín ara ẹja. Ó ń fọ́ ọ, kò wo ojú ẹja kankan. Èyí ló dùn mí, nítorí n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kí n tilẹ̀ fa ìwé burúkú náà ya kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Bí mo ṣe gbá a mú, ó ṣí sí ojú ewé karùn-ún, tí ìbínú kò jẹ́ kí n dé rí. Wọ́n ní kí ọmọ náà fọwọ́ sí tirẹ̀. Pé òun mọ̀ pé òun lè farapa. Pé òun mọ̀ pé ewu wà nínú omi. Ọmọ mi ti fọwọ́ sí i. Déètì tó kọ síbẹ̀, ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù kọ́kọ́ dé ni, kó tó gbé e fún mi rárá.

"Ta ló ní kí o kọ èyí?" Gbogbo ọjà ló gbọ́ ohùn mi. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ṣé o kà á?"

"Mo kà á, Màámi. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"O kà á, o sì fọwọ́ sí i? Ẹ̀rù ò bà ẹ́?"

"Ó bà mí." Ó gbé àdá sílẹ̀. "Ó ṣì ń bà mí. Mi ò rí ẹni tí mo máa sọ fún ni."

"Èmi ńkọ́? Èmi ìyá ẹ ńkọ́?"

"Ẹ máa ní kí n tutọ́ dànù."

Òótọ́ ni. Ohun tí mo máa sọ nìyẹn gẹ́lẹ́, ǹ bá tún gbá a lẹ́nu sí i. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ yìí fi gbé ẹ̀rù òkun kiri inú ilé tí gbogbo wa wà, èmi sì ń pariwo lórí ìwé. Kì í ṣe kám̀pù ni mò ń bínú sí mọ́. Ojú tì mí.

Mo nu ọwọ́ sára ìró mi, mo mú bíírò. Mo kọ "rárá" síbi ìlúwẹ̀ẹ́, mo kọ ọ́ gàdàgbà. Níbi ẹni tí wọ́n máa pè, mo pa ohun tí mo kọ́kọ́ kọ rẹ́, mo kọ orúkọ mi, mo kọ nọ́ḿbà mi síbẹ̀. Ta ni mo fẹ́ kí wọ́n pè ṣáájú mi? Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà pupa yẹn pé mo ti fagi lé e, mo fọwọ́ sí i. Ìwé náà tutù, ó ń rùn fún ẹja. Ọmọ mi yà á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú díẹ̀.

Mo ti páálí kan sí i. "Jókòó. Èwo gan-an ló ń bà ẹ́ lẹ́rù nínú ẹ̀? Sọ ọ́ fún mi."

Ó kọ́kọ́ wo ojú mi bóyá mò ń tàn án. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó ní ti ìsàlẹ̀ omi ni, pé tí ẹsẹ̀ òun ò bá kan ilẹ̀ ńkọ́. Obìnrin kan dé, ó na owó sí mi, ó fẹ́ ṣáwá kílò méjì, ó ní òun ń kánjú. Mo ní kó ní sùúrù, ọmọ mi ń bá mi sọ̀rọ̀.