Ọwọ́ Tí Mo Pè Ní Ẹ̀mí

Mo rántí ọjọ́ Àìkú tí ọwọ́ ọ̀tún mi kọ́kọ́ gbọ̀n lójú gbogbo ìjọ. Orin là ń kọ lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wa ní Bódìjà. Àwọn tó wà nítòsí mi yà fún mi, ẹnìkan lu agogo, akọ̀wé ìran sì ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ìwé àti bírò, ó ń dúró de iṣẹ́ tí Ẹ̀mí fẹ́ rán. Mo mọ̀ pé kì í ṣe Ẹ̀mí. Dókítà ti sọ fún mi pé àìsàn iṣan àti ọpọlọ ló ń gbọn ọwọ́ náà, pé oògùn á dín in kù, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa le sí i. Èmi tí mo ń rán sùtánà fún ìdajì ìjọ, ojú tì mí láti sọ ọ́. Mo ní Ẹ̀mí ní kí wọ́n gbàdúrà fún àwọn awakọ̀ ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Odindi ìjọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Èmi náà gbà á, mo tún ń ṣe àmín ju gbogbo wọn lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an wà lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, níbi tí a ti ń dúró de dókítà. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn tí àìsàn yìí ti wọ̀ lára: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò gbéra nílẹ̀, ẹni tí wọ́n ń bá nu itọ́ ẹnu. Ìdí fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí, bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Màmá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé rí, a ń pè wọ́n ní Màmá Tíṣà. Ara wọn ti le gbagidi, ohùn wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ìka pè mí.

"Ìwọ tó ń sá fún mi, wá jókòó. Kì í ràn."

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo ṣe máa dà nìyẹn."

"Bínú kẹ̀? Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Láràárọ̀ ni mo ń yẹ ara mi wò, kí n mọ ibi tí àìsàn yìí jí gbé lóru." Ojú nìkan ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. "Láàárọ̀ yìí, èmi ni mo de bọ́tìnnì mi fúnra mi. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ti dé ilé ìwé kí n tó dé bọ́tìnnì ọrùn. Ṣùgbọ́n mo débẹ̀. Ta lo ti sọ fún?"

Mo ròyìn ti ṣọ́ọ̀ṣì. Èjìká wọn ń mì fún ẹ̀rín.

"O gbààwẹ̀ awakọ̀! Ọmọ yìí, lọ jíṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ gan-an."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀, agogo dún, akọ̀wé kúnlẹ̀. Mo ní, "Kì í ṣe Ẹ̀mí. Àìsàn ni. Yóò máa le sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí." Mo rò pé wọ́n á lé mi síta. Akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ìyá, aago mélòó lẹ máa ń lo oògùn?"

Àìsàn náà ti le sí i lóòótọ́. N kò lè gé aṣọ mọ́. Tí aago oògùn bá tó láàárín ìwàásù, ẹnìkan á gbé omi wá, wòlíì á sì dúró dè mí. Ohùn Màmá Tíṣà ti lọ pátápátá. Tí mo bá lọ kí wọn, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi irú ọkàn bẹ́ẹ̀ sínú irú ara bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá kúnlẹ̀ báyìí, orúkọ tí àìsàn yìí ń jẹ́ gan-an ni mo fi ń pè é níwájú Ọlọ́run.