Ọkùnrin Aláìláwọ Inú Kọ̀ǹpútà Bùrọ̀dá Ṣàmsù

Ẹ dé ọjà Marché Dakar ní Douala níbí, kí ẹ béèrè Bùrọ̀dá Ṣàmsù tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé, "Èwo? Èyí tí kọ̀ǹpútà lé jáde ní ṣọ́ọ̀bù?" Òun gan-an ni. Ṣàmsídéènì lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ó ga bí òpó iná. Kò bẹ̀rù iná mànàmáná, kò bẹ̀rù ọlọ́pàá tó ń béèrè carte de séjour, ìwé àṣẹ ìgbélùú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé egungun síwájú rẹ̀, kódà kó jẹ́ egungun ẹja, á kọ́kọ́ wò ó tìfura-tìfura ná.

Ọkùnrin yìí ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ títí dòní, ẹ sì máa gbọ́ ìdí ẹ̀.

Ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ Bakassi, ilẹ̀ etí omi tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ń jà lé lórí, ni rédíò ń sọ ṣáá. Tí oníbàárà bá wọlé, Bùrọ̀dá á yí ohùn rédíò wálẹ̀; tó bá jáde, á tún yí i sókè. Bàbá mi tó ń ta edé tó ń ti ọ̀nà omi yẹn wá ti jókòó sílé. Ó ní, "Ànúolúwapọ̀, tí o bá tún fìdí rẹmi lọ́dún yìí, Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́dọ̀ ìyá mi ni wàá gbà lọ o." Iléèwé nọ́ọ̀sì wa pàápàá ti sọ ọ́: ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara, kó máa lọ sílé. Mo sì ti kùnà lẹ́ẹ̀kan.

Kì í ṣe pé mi ò kàwé. Àwòrán ènìyàn tó wà nínú ìwé wa kọjú sí mi, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lápá òsì mi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí mi mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi ni kò gbà. Bí Madame, olùkọ́ wa, bá ti ní, "Montrez-moi le foie," pé kí n fi ẹ̀dọ̀ han òun, ọwọ́ mi á ti fò lọ sódì. Ẹ̀dọ̀ tí Ọlọ́run fi sápá ọ̀tún, mo gbé e fún òsì. Àpòlúkù tó fì sósì, mo gbé e fún ọ̀tún. Madame wò mí, ó ní, "Mademoiselle, ẹsẹ̀ tí kò dun aláìsàn ni ìwọ máa gún lábẹ́rẹ́."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn lọ́jọ́ tí mo yà kí Bùrọ̀dá Ṣàmsù, tí mo bá a níta, tó ń wo ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ láti òkèèrè.

"Bùrọ̀dá, kí ló dé?"

"Ènìyàn kan wà nínú ẹ̀rọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní pọ́ọ̀tù."

"Ènìyàn báwo?"

"Kò láwọ."

"Ẹn?"

"Kò láwọ, kò tún wá láṣọ! Wọlé lọ wò ó. Èmi ti rí tèmi."

Àlòkù kọ̀ǹpútà tó ń ti Yúróòpù bọ̀ ni Bùrọ̀dá máa ń rà. Á pa gbogbo ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi sínú ẹ̀ rẹ́, á tún un ṣe, á tà á. Ó jọ pé ẹni tó ni èyí ti kọ́ ìṣègùn rí, àwòrán ara ènìyàn tó ṣeé yí ló fi sílẹ̀ nínú ẹ̀. Mo di máòsì mú, mo fà á, ọkùnrin náà yí padà bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Mo tẹ̀ ẹ́, ẹran ara ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Mo tún tẹ̀ ẹ́, egungun ìhà yà sọ́tọ̀, ni mo bá rí ẹ̀dọ̀ tó sàba lé àpòlúkù bí adìyẹ. Kíndìnrín ń bẹ lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ìwé mi ò fi hàn mí rí. Mo la ẹnu sílẹ̀, mo gbàgbé láti pa á dé.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́."

Ó họ orí. "Oníbàárà kan ti ń dúró dè é." Ó wò mí lójú díẹ̀. "Ìdánwò ẹ ti sún mọ́lé, àbí? Ó dáa. Máa wá. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń jẹun, fi aṣọ bò ó o!"

Ṣé ẹ mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé sọ fún irú èmi? Lọ́jọ́ kan tó lọ kírun alásárì, mo fa ojú ọkùnrin náà títí ó fi kún gbogbo kọ̀ǹpútà, ẹyinjú ràgàjì, kò sí ìpéǹpéjú. Mo fi tówẹ́ẹ̀lì bò ó. Bùrọ̀dá dé.

"Bùrọ̀dá, ẹ bá mi wo kọ̀ǹpútà yìí, ó jọ pé kò tàn mọ́."

Ó ṣí aṣọ. "A'ùsùbíllàhi!" Bàtà kan dúró, Bùrọ̀dá lọ. Ìdí àlùbọ́sà Mama Hannah, tó ń tajà nítòsí wa, ló ti tó dúró. Mama Hannah rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé ọjà ara rẹ̀: "Samsu, na weti di pursue you?" Ó ń béèrè ohun tó ń lé e.

Mi ò tíì tọrọ àforíjì, ẹ̀rín ò jẹ́. Ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá ṣòfin lọ́jọ́ náà. "Láti òní lọ, ọ̀gbẹ́ni yẹn kò gbọdọ̀ kọjú síta mọ́. Ẹ̀yìn ni kó máa kọ sí wa."

"Ẹ̀yìn kẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa rí ẹ̀dọ̀ látẹ̀yìn?"

"Ìyẹn kù sọ́wọ́ ìwọ àti òun."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé látẹ̀yìn nìyẹn, tí mò ń ráhùn. Mo ṣí awọ ẹ̀yìn, mo ṣí ọ̀pá ẹ̀yìn, mò ń wọlé lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mama Hannah kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà na ọwọ́ ọ̀tún gba abẹ́ apá ọ̀tún ìyá àgbà, ó ń wá búrẹ́dì tó mú dání. Mo wo ọmọ, mo wo kọ̀ǹpútà. Ọ̀tún ìyá, ọ̀tún ọmọ, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni! Ọkùnrin tó kẹ̀yìn sí mi yìí, àṣé ó ti ń pọ̀n mí láti ọjọ́ yìí wá.

Látìgbà náà, kí n tó nawọ́ sí ohunkóhun, màá kọ́kọ́ gun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kàn mi.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ère rọ́bà kan wà lórí tábìlì, àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó kọjú sí mi. "Montrez-moi le foie." Ọwọ́ mi ti ń gbéra lọ síbi tó máa ń lọ. Mo fà á padà. Mo dìde, mo rìn yí tábìlì ká, mo dúró sẹ́yìn ère náà, mo fara tì í, mo na ọwọ́ mi méjèèjì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde síwájú.

Madame yọ awò ojú. "Mademoiselle, ọkọ yín ni?"

"Non, Madame. Ìyá mi ni."

Mo fi ọwọ́ ọ̀tún kan ẹ̀dọ̀, mo fi ọwọ́ òsì kan àpòlúkù. Ó béèrè òróǹro, mo kàn án. Ó béèrè kíndìnrín, mo ní ìyẹn wà nítòsí àyà mi níbí. Nígbà tó yá, ó mi orí, ẹ̀rín ń fún un lẹ́nu. "Ó tó. Sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá ẹ."

Ọjọ́ tí mo rí i pé mo yege, mi ò dé ilé ná, Marché Dakar ni mo sáré gbà. Mama Hannah ló pàdé mi, ó sì tú àṣírí: oníbàárà yẹn ti wá títí ó fi sú u, Bùrọ̀dá ń sọ fún un pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣàìsàn. Oníbàárà náà ti lọ ra ti ẹlòmíràn ní Bonabéri.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí mo ti tò sẹ́nu láti ọ̀nà, n kò rí ọ̀kan sọ. "Bùrọ̀dá, mo yege. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run kò ní pa yín tì."

"Alhamdulillahi! Dìde, dìde. Ṣé èmi ni mo kọ́ ẹ ni?"

Ó ṣí tówẹ́ẹ̀lì kúrò lórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ó di máòsì mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkùnrin náà padà díẹ̀díẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ fi í sílẹ̀. Ojú ẹ̀ ń bọ̀ o!"

Ó ń yí i lọ. Ojú náà dé. Bùrọ̀dá di ojú kan, ó ṣí ìkejì díẹ̀, ó sì tẹrí ba. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ṣeun o. Ẹ bá wa kọ́ ọmọ."

Òógùn ti bò ó lójú.

"Ànú, ó tó báyìí. Tètè yí i padà!"

Mo yí i padà kíá, kí bàtà kan má baà tún dúró.